Gìtá Tí Mo Gé Níbi Tí Kò Yẹ

Gìtá máa ń san owó ọkọ̀. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni, kó gbé ọ̀kan wá sí gáréèjì ní Ìbàdàn, kó ní Àkúrẹ́ lòun ń lọ. Agbèrò á wo ojú rẹ̀, á wo àpò dúdú gbọọrọ tó wà léjìká rẹ̀, á ní, “Ẹ̀gbọ́n, àyè méjì lẹ máa san o.” Bí onígìtá bá láhun, tó ní kí wọ́n jù ú sí búùtù, àpò gààrí á jókòó lé e lórí, kẹ́ẹ̀gì epo á jókòó lé gààrí, ó di Iléṣà kí ara tó tu gìtá. Mo ti gba ọ̀nà méjèèjì rí. Lẹ́yìn ti abẹ́ gààrí yẹn ni mo búra pé màá fọwọ́ ara mi ṣe gìtá kékeré tí agbèrò kò ní rí fín.

Ìwé ni mo ń tà, kì í ṣe ní ṣọ́ọ̀bù. Èmi ni òǹtẹ̀wé máa ń rán káàkiri ilé ẹ̀kọ́ láti fi ìwé tuntun han àwọn ọ̀gá àgbà, kí n sì máa rẹ́rìn-ín títí wọ́n á fi rà á. Bí ilẹ̀ bá ṣú bá mi ní òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan ní Adó-Èkìtì, tí iná lọ, tí tẹlifíṣọ̀n dákẹ́, ohun tó máa ń wù mí ni kí n gbá jùjú díẹ̀, àwọn ìlà kúkúrú tí tẹ́nọ̀ gìtá máa ń tẹnu mọ́ nígbà tí gángan bá ń sọ̀rọ̀ lórí wọn. N kì í ṣe olórin o. Mo lè gbá orin King Sunny Adé débi tí ẹni tó bá fẹ́ràn mi á fi mọ orin tó jẹ́.

Ẹni tó kó sí mi lórí ni Brian May, onígìtá ẹgbẹ́ Queen ti Ìlú Ọba. Ní 1963, nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, tí kò lówó gìtá, òun àti bàbá rẹ̀ fọwọ́ ara wọn ṣe tirẹ̀, wọ́n sì fi pákó tí wọ́n yọ lára ibi ìyáná ilé àtijọ́ kan gbẹ́ ọrùn rẹ̀. Sípíríìngì inú ẹ́ńjìnnì alùpùpù wà nínú rẹ̀. Bọ́tìnnì ìyá rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe àmì sára ọrùn gìtá náà. Nǹkan bí ọdún méjì ni wọ́n fi ṣe é, gìtá yẹn náà ló sì fi di olókìkí. Mo ka ìtàn yìí, orí mi wú, mo sì pa ìwé dé kí n tó ro gbólóhùn tó sọ pé iṣẹ́ ẹ̀rọ iná ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Bàbá tèmi, àdìrẹ ló tà.

N kò ṣàìmọ nǹkan kan pátá. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ gìtá oníná yàtọ̀ sí ti àgídìgbo. Àgídìgbo gbọ́dọ̀ ní ikùn, torí inú àpótí yẹn ni ohùn ti ń wú. Gìtá oníná kò nílò ikùn. Okùn irin ló ń gbọ̀n lókè mágínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi wáyà kọ́pà tín-ín-rín wé. Bí okùn ṣe ń gbọ̀n, ó ń da agbára mágínẹ́ẹ̀tì náà láàmú, ìdààmú yẹn á di iná díẹ̀ nínú wáyà, áńpù á wá sọ iná náà di ariwo. Ní nǹkan bí 1940, Les Paul, ará Amẹ́ríkà, kan ọrùn gìtá mọ́ òpó pákó onígun mẹ́rin lásán, ó sì dún. Nítorí pé ojú òpó yẹn kò fani mọ́ra, ó la gìtá mìíràn sí méjì, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lọ́tùn-ún lósì, kó lè jọ gìtá lójú èèyàn. Mo wá rò ó pé bí ikùn bá jẹ́ ẹwà lásán, kò sóhun tó ní kí n má gé e. Ìyẹn tọ̀nà. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé ohun tí kì í ṣe ikùn ni wàhálà dé.

Ọrùn ni mo kọ́kọ́ rí. Gìtá ṣọ́ọ̀ṣì kan já bọ́ láti orí pèpéle lọ́jọ́ ìkórè, ara rẹ̀ là, ọrùn kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú gbogbo fúrẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìyẹn àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú rẹ̀ níbi tí a ń tẹ̀, àti pẹ́ẹ̀gì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí a fi ń fa okùn. Ó wá ku pákó. Bàbá Káfíńtà àdúgbò wa bá mi dé ọjà pákó ní Bódìjà. Ó na ọwọ́ sí arère, ó ní, “Èyí fúyẹ́, ó rọrùn-ún gbẹ́, owó rẹ̀ ò sì ga.” Mo ní rárá o, ìrókò ni mo fẹ́, ohun tí ọmọ-ọmọ mi máa jogún. Bàbá wò mí títí. “Ṣebí ẹ ní ẹ fẹ́ máa gbé e rìnrìn àjò ni?”

Bí a bá rí ìtì ìrókò gbígbẹ tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan, á wọ̀n tó nǹkan bíi kílò 650. Arère tó tóbi bẹ́ẹ̀ kò ju nǹkan bíi 380 lọ. Mo sanwó ìrókò. Èmi ni mo gbé e délé, èjìká mi ló sì gbọ́ ìṣirò náà.

Ọjọ́ tí a gé e ni mo gbọ́n jù láyé mi. Gìtá tí ọrùn yẹn ti wá, okùn rẹ̀ gùn ní íǹṣì 25½ láti ibi tó ti ń kúrò lórí títí dé bíríìjì tó gbé okùn ró ní ìdí, ìwọ̀n kan náà tí ilé iṣẹ́ Fender ń lò fún gìtá Stratocaster láti 1954. Mo wò ó, mo ní ó gùn jù. Mo ní kí bíríìjì tèmi dúró sí íǹṣì 22, kí Bàbá sì gé pákó tó bá kù lẹ́yìn rẹ̀ dànù. Bí wọ́n ṣe ń gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò tó gùn jù ni mo ṣe rò ó: gé e, ká etí rẹ̀, máa wọ̀ ọ́ lọ. Kò sí fúrẹ́ẹ̀tì kankan tí mo fọwọ́ kàn.

Bàbá Káfíńtà gbé ayùn sókè, ó tún bi mí bóyá kí òun gé orí gìtá náà kúrò. Ó ní òun ti rí èyí tí kò lórí lọ́wọ́ onígìtá kan ní òde ìnáwó rí. Òótọ́ ló sọ. Láti nǹkan bí 1980 ni Ned Steinberger ti gbé gìtá béèsì tí kò lórí jáde ní Amẹ́ríkà, ó kó gbogbo pẹ́ẹ̀gì rẹ̀ lọ sí ìdí, àwọn èèyàn sì rà á. Ṣùgbọ́n inú bí mi. Mo ní, “Bàbá, ọmọ Yorùbá ni wá o. Ohun tí kò lórí, báwo ló ṣe fẹ́ rí ire?” Bàbá gbé ayùn sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ta ló ń bá èèyàn jiyàn lórí ọ̀rọ̀ orí?

Kọ́ìlì, ìyẹn wáyà tí a wé mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì, gba òru lọ́wọ́ mi. Wáyà tí wọ́n ń lò fún un kò nípọn tó irun orí, ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà ni, ti Stratocaster sì máa ń yí mágínẹ́ẹ̀tì rẹ̀ po ní nǹkan bí ìgbà 8,000. Mo rí wáyà rà lọ́wọ́ àwọn tó ń wé kọ́ìlì. Níwọ̀n bí ọwọ́ ọmọ ènìyàn kò ti lè ka 8,000, mo yá máṣíìnì ìránṣọ ìyàwó mi lò nígbà tó sùn, torí irin kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n fi ń wé òwú sórí bọ́bìnì. Mò ń tẹ máṣíìnì, wáyà ń já, mò ń so ó, mò ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ibi tí mo bá rò pé mo dé. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí lónìí iye ìgbà tó yí po, ìdáhùn mi ni pé ó pọ̀. Lówùúrọ̀, ìyàwó mi jókòó láti rán bùbá oníbàárà rẹ̀ kan, ó bá wáyà kọ́pà níbi tí òwú ń gbà. Ó pè mí, ohùn rẹ̀ rọ̀ pẹ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ ohùn pẹ̀lẹ́ yẹn ni mo bẹ̀rù jù. “Bàbá Ìbejì, ẹ dákun, ṣé ẹ fẹ́ kí bùbá ìyá yìí máa gbé rédíò ni?”

Ìgbà tó ku okùn, mo lọ sí ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin tó ń ta ohun èlò orin, mo ní kó fún mi ní èyí tí kò ní máa gé mi níka. Ọmọ náà gbọ́ tèmi, ó fún mi ní okùn ọ̀rá. Mo so ó, mo so gìtá mọ́ áńpù kékeré tó ń lo bátìrì tọ́ọ̀ṣì méjì, mo gbá a, ilé dákẹ́.

Mo fura sí bátìrì. Mo fura sí fọ́lúùmù. Mo tú gbogbo ibi tí mo jó òjé sí, mo tún un jó. Mo fura sí àwọn ìbejì, wọ́n sì búra. Níkẹyìn mo gbé e lọ sọ́dọ̀ atún-rédíò-ṣe, ó fi mítà wọn kọ́ìlì mi, ó ní kò sóhun tó ṣe é. Ẹ wo ayọ̀! Mo ń sọ fún gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ pé kọ́ìlì tí mo fọwọ́ ara mi wé dára, kò kàn fẹ́ sọ̀rọ̀ ni. Atún-rédíò-ṣe náà wá fi ìka kan okùn, ó yọ mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan nínú àwókù sípíkà, ó fi sún mọ́ okùn náà. Okùn kò mira. Ó gbójú sókè, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mágínẹ́ẹ̀tì ò gbọ́ èdè ọ̀rá.”

Ohun tó tàn mí jẹ ni pé mẹ́ta nínú okùn náà ń kọ mànà, mo sì rò pé irin ni. Kọ́pà tí a fi fàdákà bò ni wọ́n wé mọ́ okùn ọ̀rá wọ̀nyẹn, mágínẹ́ẹ̀tì kò sì ka kọ́pà tàbí fàdákà sí. Okùn irin ni George Beauchamp àti Rickenbacker fi sí gìtá oníná tí wọ́n ń tà láti 1932, èmi náà sì ti fi ẹnu ara mi ṣàlàyé rẹ̀ pé “okùn irin ló ń gbọ̀n”. Ẹ lè padà sókè lọ wò ó. Ẹnu mi mọ̀ ọ́n, ọwọ́ mi ni kò gbọ́.

Mo wá lọ ra okùn irin. Okùn irin mẹ́fà tí a fà dé ìwọ̀n lórí gìtá gidi ń fi agbára tó súnmọ́ kílò 45 fa bíríìjì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àpò sìmẹ́ǹtì kan. Ìṣó ni mo fi kan bíríìjì tèmi. Mo ń fa okùn kẹta lọ ni mo gbọ́ ohùn kan, “pà!”, tí bíríìjì gba ojú fèrèsé jáde, ó sì bọ́ sínú báàfù tí ìyá aládùúgbò ti ń fọ aṣọ. Táyé sáré lọ gbé e wá, ojú rẹ̀ ń dán. “Dádì, ẹ jẹ́ kó tún fò!” Sùkúrúù ni mo lò lẹ́yìn ìyẹn.

Ó wá dún o. Ohùn jáde nínú áńpù, èmi àti àwọn ìbejì jó yí ilé ká. Ibi tí ayọ̀ ti dáwọ́ dúró ni ìgbà tí mo fẹ́ mú kí okùn bára wọn mu. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa ni pé kí o tẹ okùn tó nípọn jù ní fúrẹ́ẹ̀tì karùn-ún, kí èyí tó tẹ̀lé e dún gẹ́gẹ́ bẹ́ẹ̀, kí o sì máa bá a sọ̀kalẹ̀ lọ, àfi níbì kan tó jẹ́ pé fúrẹ́ẹ̀tì kẹrin ni. Mo ṣe é. Okùn kọ̀ọ̀kan ń le ju bó ṣe yẹ lọ, nígbà tí mo fi dé èyí tó tín-ín-rín jù, ó han, ó já, ó na etí mi. Mo ra òmíràn, ó tún já. Mo wá fi fóònù tún wọn ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan: nígbà tí n kò bá tẹ̀ wọ́n, gbogbo wọn pé; bí mo bá ti tẹ̀ wọ́n, oníkálukú gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Mo pe olórí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa kó wá gbọ́. Ó tẹ́tí, ó mi orí, ó bi mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ìlú wo ni wọ́n ti ń kọ orin yìí?”

Téèpù ló tú mi fó. Lórí gìtá tó bá péye, àárín gbùngbùn okùn ni fúrẹ́ẹ̀tì kejìlá gbọ́dọ̀ wà, kí ohùn okùn náà lè padà wá lókè. Ọrùn tí wọ́n fún mi, íǹṣì 12¾ ni kejìlá rẹ̀ wà, ìdajì 25½ gẹ́lẹ́. N kò fọwọ́ kàn án, ibẹ̀ náà ló ṣì jókòó sí. Ṣùgbọ́n okùn tèmi jẹ́ íǹṣì 22, nítorí náà ohun tó kù níwájú fúrẹ́ẹ̀tì yẹn kò ju 9¼ lọ. Mo ṣírò rẹ̀, mo tún un ṣírò: kejìlá mi ń dún bíi kẹẹ̀ẹ́dógún, karùn-ún sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di kẹfà. Ẹni tó ń ṣe gìtá máa ń fi 17.817 pín gígùn okùn láti mọ ibi tí fúrẹ́ẹ̀tì kìn-ín-ní máa wà, á tún fi pín èyí tó kù fún ìkejì, bẹ́ẹ̀ títí dé ìdí. Gbogbo fúrẹ́ẹ̀tì ló mọ gígùn okùn tí wọ́n ń sìn. Èmi ti pààrọ̀ ọba, n kò sọ fún ìjòyè. Okùn kò sì mọ̀ pé ìrìn àjò ni mò ń lọ.

Mo ní kò burú, a óò gbé bíríìjì padà sí íǹṣì 25½. Mo na téèpù. Pákó mi ti parí kí téèpù tó débẹ̀. Inú afẹ́fẹ́ ni àyè bíríìjì mi wà.

Mo gbé e padà tọ Bàbá Káfíńtà lọ, mo bi í bóyá ìrókò tó gé kúrò ṣì wà nílẹ̀. Ó ní ìyàwó òun ti fi se ẹ̀wà, ẹ̀wà náà sì jinná dáadáa. Kí ló kù nílẹ̀? Arère. Arère tí mo kọ̀ lọ́jà ni a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ìdí ìrókò olówó ńlá, Bàbá kò sì sọ ọ̀rọ̀ kankan, àfi pé ó ń kọrin lábẹ́ imú. Gìtá náà wá bá ara rẹ̀ mu láti òkè délẹ̀. Ó tún wá gùn tó gbogbo gìtá tí agbèrò ti ń gba owó lórí wọn, íǹṣì 39 ó lé díẹ̀.

Wàhálà orí ló tẹ̀lé e. Ara tí mo ṣẹ́kù fún gìtá yìí kéré débi pé, ìrókò náà ni o, orí àti irin pẹ́ẹ̀gì mẹ́fà ṣì ń borí rẹ̀. Bí mo bá gbé e lé itan, orí á wọlẹ̀. Ọwọ́ òsì tó yẹ kó máa tẹ okùn ló ń gbé ọrùn ró. Ìyàwó mi wò mí títí, ó ju ọ̀já tó fi pọn àwọn ìbejì sí mi. Mo fi ọ̀já gbá gìtá mọ́ àyà, mo sì ń gbá a lọ jẹ́jẹ́, ni Kẹ́hìndé bá yọjú láti ẹnu ọ̀nà. “Dádì, ṣé ó ti sùn?”

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Bàbá Káfíńtà rí mi lókèèrè, kò dúró gbọ́ ẹjọ́. Ayùn ló kọ́kọ́ mú. A gé orí gìtá kúrò, a fi irin pẹlẹbẹ àti sùkúrúù di okùn mọ́ ẹnu ọrùn, a kó pẹ́ẹ̀gì lọ sí ìdí, sórí arère. Gbogbo gìtá náà wá di nǹkan bí íǹṣì 31, bẹ́ẹ̀ okùn rẹ̀ kò dín ní ìwọ̀n irun kan. Kò wọlẹ̀ mọ́. Pẹ́ẹ̀gì kàn ń gún mi nítan ni, ìyẹn kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ojú ti rí.

Àsìkò yẹn ni ìyá ìyàwó mi wá kí wa. Iná ti lọ láti ìrọ̀lẹ́. Mo gbá gìtá díẹ̀ nínú òkùnkùn kí Màmá lè mọ irú ọkọ tí ọmọ rẹ̀ fẹ́, mo gbé e ti ògiri pálọ̀, mo lọ sùn, n kò sì pa áńpù. Láàárín òru, iná dé. Kọ́ìlì mi, tí kò sí ohun tó bò ó, ń gba gbogbo ohun tí wáyà inú ògiri ń tú jáde. Gìtá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ìgbà yẹn gan-an ni Màmá ń bọ̀ wá sí pálọ̀ láti gbàdúrà òru.

Lówùúrọ̀, ó pè mí jókòó. “Bàbá Ìbejì, igi wo lẹ fi ṣe nǹkan yìí?”

Mo fi ìgbéraga dáhùn pé, “Ìrókò ni, Mà.”

“Mo mọ̀.” Ó dákẹ́ díẹ̀. “Ṣé ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ Olúwéré kí ẹ tó gé e?”

Mo ní ọjà ni mo ti rà á. Ó ní ẹni tó ń gbé inú igi kì í gba rìsíìtì. Mo ṣàlàyé títí òógùn bò mí: mo ní iná ìjọba ń lọ ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kọ́ìlì ń gbọ́ ọ, áńpù ń sọ ọ́ síta, mo ní ẹ̀rí ni pé kò kùn rárá nígbà tí iná kò sí. “Mà, ẹ tiẹ̀ rò ó wò, iwin wo ló máa ń dúró de iná ìjọba?”

“Gbogbo wa la ń dúró dè é,” Màmá ní.

Mo dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ èyí tí n kò sọ fún Màmá: mo ti ń bá iwin náà gbé tipẹ́. Ohùn G tó wà nísàlẹ̀ pátápátá lórí gìtá béèsì ń gbọ̀n ní ìgbà 49 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, iná ìjọba sì jẹ́ 50, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọmọ ìyá. Nítorí náà, dípò kí n wá ojútùú, kíì G ni mo ń fi gbogbo orin sí, kí kíkùn náà lè jọ béèsì. Mo ti gbá orin ìyìn ní G, jùjú ní G, orin ọjọ́ ìbí àwọn ìbejì ní G. Ọ̀ràn kàn máa ń yí nígbà tí a bá tan jẹnẹrétọ̀. Bí ìyàwó mi bá ki áyọ́ọ̀nù bọ iná, jẹnẹrétọ̀ á rẹ̀wẹ̀sì, béèsì á sì bọ́ kúrò nínú kíì láàárín orin.

Ojútùú tó dára jù ni èyí tí Seth Lover ṣe ní ilé iṣẹ́ Gibson ní 1955: kọ́ìlì méjì tí wọ́n wé ní òdìkejì ara wọn, tí kíkùn ọ̀kan á fi máa pa kíkùn èkejì, tí ohùn okùn á sì kù. Kọ́ìlì kejì túmọ̀ sí òru mìíràn nídìí máṣíìnì. Mo wo máṣíìnì ìránṣọ. Ìyàwó mi wo èmi.

Mo yan èyí tó rọrùn, pé kí n fi fọ́ìlì bo ilé kọ́ìlì, kí n sì fi wáyà so fọ́ìlì náà mọ́ bíríìjì. Fọ́ìlì kan ṣoṣo tó wà nílé ni èyí tí Màmá gbé wá fún mọ́ínmọ́ín ọjọ́ Àìkú. Mo lò ó tán, ewé ni a padà fi se mọ́ínmọ́ín, ó sì dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tí mo sọ fún wọn, tí kò gbà mí. Òjé kọ̀ láti lẹ̀ mọ́ fọ́ìlì. Mo mú irin gbóná sí i, fọ́ìlì rún, mo tún mú un gbóná sí i, ìrókò jóná níbi kan. Ìgbà tí mo tún gba ọ̀dọ̀ atún-rédíò-ṣe lọ ni mo mọ̀ pé òjé lásán kì í mú alumíníọ́ọ̀mù. Ó fi sùkúrúù àti wáyà so ó láàárín àsìkò tó fi ń pariwo lé ẹlòmíràn lórí fóònù. Kíkùn náà dín kù gan-an, kò tán. Màmá ní àdúrà òun ló ṣe é, pé èyí tó kù á lọ díẹ̀díẹ̀.

Bí mo ṣe gbé e dé gáréèjì nìyẹn, nínú àpò kan tí ìyàwó mi rán, tí mo fi sáàárín ẹsẹ̀ mi. Agbèrò wò mí, ó wo àpò, ó gba owó ẹnì kan, ó lọ. Inú mi dùn láti Ìbàdàn dé Ifẹ̀. A kọjá Ifẹ̀ díẹ̀ ni àwọn ọlọ́pàá dá wa dúró, ọ̀kan nínú wọn sì tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ ìjókòó mi.

“Ọ̀gá, kí ló wà nínú àpò yẹn?”

“Gìtá ni, sà.”

“Ẹ tú u ká rí i.” Mo tú u. Ó yí tọ́ọ̀ṣì láti òkè dé ìdí. “Orí rẹ̀ dà?”

Ìgbà yẹn lèmi náà tó fi ojú ẹlòmíràn wò ó: ìtì ìrókò tó ní ojú jíjó, fọ́ìlì tó yọ létí, wáyà tó ń wọlé tó ń jáde, àti áńpù oníbátìrì tí mo fi rọ́bà so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyá tó jókòó tì mí rọra gbé báàgì rẹ̀, ó sún lọ sọ́dọ̀ fèrèsé. Ọlọ́pàá náà ní bó bá jẹ́ gìtá lóòótọ́, kí n lù ú. Mo tan áńpù. Bátìrì ti kú, torí mo tún ti gbàgbé láti pa á lálẹ́ àná. Mo gbá okùn lásán, gìtá tí kò níkùn sì sọ ohun tí gìtá tí kò níkùn máa ń sọ. Ọlọ́pàá fi etí rẹ̀ lé pákó. “Kò sọ nǹkan kan,” ó kéde fún gbogbo ọkọ̀.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó yá mi ní bátìrì tọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ó rò ó fún ìgbà díẹ̀, ó yọ méjèèjì, ó kó wọn lé mi lọ́wọ́. Nínú òkùnkùn ọ̀nà yẹn, tí kò sí iná ìjọba nítòsí, gìtá mi kò kùn rárá. Mo gbá jùjú tí mo mọ̀, ní G. Dírẹ́bà ń fi ọwọ́ lu sítíà. Ìyá tó sún lọ sí fèrèsé sún padà, ó ní kí n má sáré, ijó kì í ṣe eré sísá. Ọlọ́pàá náà mi èjìká lẹ́ẹ̀kan, ó rántí iṣẹ́ rẹ̀, ó dúró gbọn-in.

“Èló lẹ máa fi ṣe irú rẹ̀ fún mi?” ó ní. “Mo máa ń gbá a díẹ̀ nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́.”

Mo ro owó ìrókò, wáyà, okùn ọ̀rá, okùn irin tó já, owó ọwọ́ Bàbá Káfíńtà ní ọjọ́ tí a gé e àti ọjọ́ tí a lẹ̀ ẹ́ padà, bùbá ìyá oníbàárà, mo ṣírò wọn pọ̀, mo sọ iye rẹ̀ fún un.

Ó na ọwọ́, ó gba bátìrì rẹ̀, ó ní kí dírẹ́bà máa lọ.